Tántì Madeleine, Ẹni Tó Ka Ọmọ Wa

Ní ìlú wa, bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Èmi tí wọ́n sọ ní Ṣàkírátù ní Sakété, láti ọjọ́ tí mo ti bí àkọ́bí mi ni mo ti di Ìyá Àsíátù, títí tí ìyá tó bí mi gan-an fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá bímọ ńkọ́? Wọ́n á wá nǹkan pè é. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ti tó ẹni ogójì ọdún nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Pobè ló ti ń ṣiṣẹ́, Tántì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Tántì Madeleine. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, bí ọmọ ṣe ń pe àbúrò ìyá rẹ̀. Lẹ́nu ọmọdé, ó dùn. Lẹ́nu àgbà, ohun tó ń sọ ni pé a wò ọ́ títí, a ò rí ọmọ kankan tí a lè fi pè ọ́.

Ohun tí a ṣe fún un ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ní Igana, abúlé ọkọ mi, irọ́ ni wọ́n máa pa fún yín. Èmi náà pa irọ́ náà fún ọdún mẹ́rin gbáko, mo sì mọ bó ṣe ń dùn lẹ́nu.

Ita-Djèbou ni wọ́n bí i sí. Àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tí ń wọ aṣọ funfun ní Àjàṣẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé díẹ̀ àti bí a ṣe ń di egbò. Ó fẹ́ awakọ̀ kàmíọ̀n akẹ́rù kan, ó lo ọdún mẹ́sàn-án nílé rẹ̀, kò bímọ. Ọkọ náà kò nà án, kò bú u. Ó kàn gbé ìyàwó tuntun wọlé, ó sì sọ fún un pé yàrá kò tó mọ́. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó gba Pobè lọ. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó sì máa di ọmọ mú nígbà tí wọ́n bá ń gún un ní abẹ́rẹ́. Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà. Ìkòkò kan, àwo kan, àpótí ìjókòó kan. Àwọn obìnrin tó bá ti yọjú síbẹ̀ máa ń fi àpótí kan náà ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní bí àlejò bá dé, ṣé orí ìkòkò ni yóò jókòó sí? Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i. Mo fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ púpọ̀ nígbà yẹn.

Ọdún kẹjọ tí Dahomey gba òmìnira ni òjò ńlá náà rọ̀. Ẹni tí kò bá gbé Igana rí kò lè mọ ohun tí òjò ń fi ilẹ̀ wa ṣe. Ilẹ̀ dúdú ni. Bó bá gbẹ, á là débi pé ewúrẹ́ lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bó bá tutù, á gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, kò sì ní dá a padà. Èmi ọmọ Sakété, tí a ń rìn lórí ilẹ̀ pupa bí ọmọlúàbí, ọjọ́ tí Mọ́rúfù gbé mi níyàwó débẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé bí mo bá mọ̀ pé ẹrẹ̀ ni orogún mi, n kì bá tí wá. Ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Omi kò ríbi gbà, ó dúró síbẹ̀ ó ń wò wá. Ògiri amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án gangan. A ó kàn gbọ́ gbì, a ó sì mọ̀ pé ilé ẹnìkan ti lọ nìyẹn. Àgbàdo rà lórí ìdúró. Kànga kún dé ẹnu, gbogbo ohun tó wà ní ààtàn sì ń léfòó lọ bá a.

Gbogbo abúlé wa kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí òun nìkan ló wà lórí òkè díẹ̀ tó sì ní òrùlé páànù. Yàrá méjì péré ni. Ìdílé bí ogún ló há síbẹ̀, pẹ̀lú àpò gàrí tó ti gba omi, ewúrẹ́, adìẹ, àti ọmọ, ọmọ, ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ náà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Pobè. Ọ̀nà ti gé, ọkọ̀ kankan kò lè kọjá, ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ náà sì kún fún aláìsàn. Ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n lè yọ̀ǹda ni ẹni tí kò ní ọkọ àti ọmọ tí yóò sunkún rẹ̀ bí omi bá gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Tántì Madeleine ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, omi dé e láyà níbì kan, ó ru àpótí oògùn sórí, ẹrẹ̀ sì bò ó débi pé Àsíátù ọmọ mi pariwo pé iwin ń bọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni iná. Ó ní a gbọ́dọ̀ se gbogbo omi tí ọmọ bá máa mu. A ní igi ti tutù, kò sí èyí tó lè jó. Ó wo yàrá náà yíká, ó gbé àáké, ó sì kọjú sí àwọn bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jókòó lé. Mùsíè Pierre, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ náà, sáré dí i lọ́nà.

"Tántì, ẹ jọ̀ọ́! Bẹ́ǹṣì ìjọba ni! Èmi ni mo fọwọ́ síwèé gbà wọ́n!"

"Ìjọba náà ló rán mi wá," ó ní. "Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo là wọ́n. Àbí ta ni bẹ́ǹṣì fẹ́ dúró dè tí ọmọ bá kú tán?"

Ó la bẹ́ǹṣì mẹ́ta ní ọjọ́ náà. Mùsíè Pierre fọwọ́ lérí bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ìgbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá a la ìkẹrin.

Ìjà kejì, àwa ìyá ló bá jà. Àṣà wa ni pé bí inú ọmọ bá ń ṣí, a kì í fún un lómi mọ́. Bí agbè bá ń jò, ta ló ń bu omi kún un? Tántì ní kì í ṣe agbè ni ọmọ. Ó ní omi inú rẹ̀ ló ń tán lọ yẹn, àwa sì tún ń fi òùngbẹ parí iṣẹ́ fún ikú. Ó po ẹ̀kọ mímu kó ṣàn, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó sì jókòó ti ọmọ tó burú jù. Ṣíbí kan, yóò dúró díẹ̀. Ṣíbí mìíràn. Bí ọmọ náà bá bì í, yóò nu ẹnu rẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ náà ń sunkún pẹ̀lú omijé lójú. Tántì ní, "Ẹ rí i? Ẹni tí omi kò sí lára rẹ̀ kò lè da omijé." Gbogbo wa gba ṣíbí.

Ìgbẹ́ gbuuru kò pa ọmọ kankan nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún un, nítorí ẹnikẹ́ni ní Igana kò ní sọ fún yín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. A ń gbé oúnjẹ fún un ní àárọ̀ àti ní alẹ́. A ó gbé e síwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tó tẹ́ ẹní sí, a ó sì padà sí ìdí àwo tiwa, níbi tí ọwọ́ púpọ̀ ti ń wọ inú àwo kan. Kò sí ẹni tó sọ pé kó wá. Mo rò pé ojú ń ti kálukú láti fi ọmọ rẹ̀ yọ síwájú ẹni tí kò ní.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọ kan wá láti abúlé kejì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́, imú rẹ̀ ń ṣàn. Tántì ṣí ẹnu ọmọ náà wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. Èéyi ni. Kò sí ìyá kan ní ilẹ̀ wa tí kò mọ èéyi. Nínú yàrá méjì tí gbogbo ọmọ ti ń mí sí ara wọn lójú, a mọ ohun tó máa ṣe.

Ó gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé. Ó kọ̀wé sí Pobè. Ládiípọ̀, ọkùnrin kan tó mọ odò wẹ̀, ló gbé ìwé náà lọ, òun náà ló gbé èsì padà. Èsì ní abẹ́rẹ́ tuntun kan wà ní Àjàṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí èéyi mú ọmọ, inú yìnyín ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kò pọ̀, gbogbo ìlú ló sì ń bèèrè rẹ̀. Kí wọ́n kọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀ gan-an, iye tí wọ́n bá kọ ni wọ́n máa rí gbà.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Bí àlejò bá bi ẹ́ pé ọmọ mélòó lo bí, wàá ní wọ́n wà ńbẹ̀, Ọlọ́run ń dá wọn sí. Ẹni tó bá ń na ìka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló mọ ẹni tó ń kà wọ́n fún? Tántì mọ èyí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ó sì mọ èyí tó burú jù nínú rẹ̀, pé àgàn ni òun, àti pé bí àgàn bá ka ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó máa pè é ní iṣẹ́ ìjọba.

Ó rò ó fún ìdajì ọjọ́. Ìgbà tó yá, ó gba ẹ̀kùrọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, Ìyá Èjìdé, tó ti gbé àpò ẹ̀kùrọ́ kan sá fún omi. Ó gbé igbá kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "mi ò ní ka ọmọ yín. Mi ò ní wojú wọn, mi ò ní bi yín ní orúkọ wọn. Ẹ mú ẹ̀kùrọ́, iye tí ẹ mọ̀ lọ́kàn yín, kí ẹ jù ú sínú igbá yìí. Ẹ̀kùrọ́ ni màá kà."

Ẹ gbà mí gbọ́, ọgbọ́n náà dára. Inú wa dùn sí i. A tò, a ń kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kùrọ́ ń ró nínú igbá. Ẹ̀kùrọ́ méjì ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ọ̀kan fún Àsíátù tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀kan fún Súbérù tó ti pé ọdún méjì. Kí Súbérù tó dé, mo ti sin méjì. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, Ìyá Èjìdé fà mí níró.

"Ọ̀kan ni kí o jù síbẹ̀," ó sọ sí mi létí. "Àsíátù ti dàgbà, ayé ti rí i, kò sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ti Súbérù, má gbé e jáde. O ò mọ ọwọ́ tó máa ka ẹ̀kùrọ́ náà ni?"

Ó gbé Súbérù lọ sẹ́yìn àpò gàrí, ó fi aṣọ bò ó. Mo rìn lọ sídìí igbá. Tántì yí ojú sí apá kejì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Mo ju ẹ̀kùrọ́ kan síbẹ̀, mo fi èkejì sínú kókó ìró mi.

Ẹ̀kùrọ́ méjìdínlógójì ló bá nínú igbá. Ó kọ ọ́ sínú kàyé rẹ̀, ìwé kékeré tó máa ń fi sábẹ́ apá, ó sì da ẹ̀kùrọ́ náà padà sínú àpò Ìyá Èjìdé. Ládiípọ̀ gbé iye náà lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, àwọn ọkùnrin méjì dé pẹ̀lú àpótí yìnyín lórí. Oògùn ogójì ọmọ ni wọ́n gbé wá, wọ́n fi méjì kún iye tí a kọ nítorí bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀rù ba gbogbo wa. Mùsíè Pierre ló kọ́kọ́ gbé ọmọ tirẹ̀ síwájú. Ọmọ náà ké, ó dákẹ́, ó bèèrè iṣu. Nígbà tí a rí i pé kò kú, ojú wa là. Ni àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láti ẹ̀yìn àpò, láti abẹ́ ẹní, láti inú ilé ìdáná tíṣà, kódà obìnrin kan tú aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀ tí a rò pé ẹrù ni. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá burú tó bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta ló wà nínú ilé náà.

Àsíátù gba tirẹ̀. Mo sáré lọ gbé Súbérù, mo padà wá tò. Oògùn tán nígbà tó ku ẹni mẹ́ta kó kàn mí. Àwọn ọkùnrin náà ní àwọn á padà sí Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n yìnyín ti yọ́, ọ̀nà sì jìn. Tántì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí òfìfo náà, ó ń wo àwọn ọmọ mọ́kànlá tó ṣẹ́kù. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó padà dé, ojú Súbérù pọ́n.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ gùn. Tántì gbé e lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ń fi omi iyọ̀ tó ti sè tó sì ti tutù nu ojú rẹ̀ kí ó má baà fọ́, ó ń fi òwú fọ ẹnu rẹ̀ tó ti bó, ó ń kán ẹ̀kọ sí i lẹ́nu ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Bí oorun bá gbé mi, òun kò sùn. Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, mo jáde lọ sá aṣọ rẹ̀ sí oòrùn, nítorí oòrùn ti yọ nígbà yẹn, omi ti ń fà. Nígbà tí mo wọlé, Tántì ṣì gbé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fi ṣíbí sí i lẹ́nu mọ́.

Nínú àwọn mọ́kànlá náà, mẹ́rin ló kú. Ti Súbérù ni ìkejì.

Mo dìde láàárín gbogbo èèyàn. Mo gbàgbé "ẹ", mo gbàgbé ọ̀wọ̀. Mo nàka sí i, mo ní, "Ìwọ! Ìwọ àgàn! Ìwọ lo ka ọmọ wa!"

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ, èmi tí mo ní ẹ̀kùrọ́ kan nínú kókó ìró mi. Ó wò mí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tèmi nìkan. Àwọn kan ní ó máa ń sọ̀rọ̀ sí igbá náà. Àwọn kan ní ó pa ẹ̀kùrọ́ náà jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé iye tó jẹ ni iye tó kú. Ìyá Èjìdé, ẹni tí ẹ̀kùrọ́ náà wà nínú àpò rẹ̀, tó sì ti fi wọ́n yan àdín pẹ̀lú ìyókù, jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí.

Tántì di àpótí rẹ̀, ó padà sí Pobè. Kò sẹ́ni tó sìn ín sọ́nà.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Igana dé Pobè, ó sì dé Sakété. Bí ìyá kan bá gbọ́ pé Tántì ló máa di ọmọ mú, á gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ibà lára. Ọ̀gá ilé ìwòsàn náà kò lé e, ó kàn ní kí ó máa gbálẹ̀ nìkan, kí ó sì máa ṣe é ní àárọ̀ kùtù kí àwọn ọlọ́mọ tó dé. Mo rí i lọ́jà lẹ́ẹ̀kan, ó ń ra ẹ̀kọ ẹyọ kan. Obìnrin tó ń tà á gbé ẹ̀kọ náà sílẹ̀ kó mú un fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ wọn má baà kanra. Mo gba apá kejì.

Nílé tiwa, Mọ́rúfù ní kí a má dárúkọ ọmọ náà mọ́. Ó ní ẹni tó bá ń pe òkú ọmọ ń pe òmíràn ni. Kò burú, ìbànújẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lẹ́nu, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mo tún wá bí Ràúdátù. Nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, inú rẹ̀ ṣí. Mo po ẹ̀kọ oníyọ̀, ó ń bì í. Ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ikùn rẹ̀ bí mo bá fà á kò padà mọ́. Mo gbé e pọ̀n, mo rìn dé Pobè. Ọ̀gá ti lọ sí ìpàdé ní Sakété. Àwọn yòókù wà ní abúlé tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́. Tántì Madeleine nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

A wo ara wa. Ó ti hu ewú. Mo ń ronú pé bóyá kí n padà. Òun kò wò mí mọ́, ọmọ ló ń wò.

"Gbé e wá," ó ní.

Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà nìkan ló gbájú mọ́. Ṣíbí kan, yóò dúró. Ṣíbí mìíràn. Nígbà tí apá mi kú, ó gbà á, ó gbé e lé itan rẹ̀, ó sì ń bá a lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, ó fò sókè, ìró rẹ̀ ti tutù.

"Ó tọ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. "Ìyá Àsíátù, ó ti tọ̀ sí mi lára! Omi ti padà sínú rẹ̀!"

Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti gbá.

"Tántì," mo ní, "ẹ̀kùrọ́ méjì ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ni mo jù."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo gbọ́ ikọ́ ọmọ lẹ́yìn àpò gàrí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ. Mo ti rí àwọn mìíràn pẹ̀lú, bíi mẹ́rin, márùn-ún." Ó ń fi etí ìró nu ẹnu Ràúdátù. "Bíìkì ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi kún un, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí ó bá hàn pé iye tí mo kọ ju ẹ̀kùrọ́ lọ, wọ́n á ní àgàn yìí ti ń yọjú wo ọmọ wa. Mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ràn mi díẹ̀ sí i. Mo pa kàyé dé."

Mo ti gbé ẹrù mi wá sọ̀ síwájú rẹ̀, mo sì bá ẹrù tó tó tèmi lórí òun náà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé àwa ló fi ọmọ pamọ́? Ọdún mẹ́rin, Tántì!"

"Ta ni ǹ bá sọ fún?" ó ní. Ó bojú wo ọmọ tó ń sùn lọ lórí itan rẹ̀. "Súbérù kò fẹ́ràn kí n nu ojú ọ̀tún. Ti òsì, á jẹ́ kí n nu ún. Ti ọ̀tún, á di ìka mi mú."

Ọdún mẹ́rin ni n kò ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un pè. Ó tún un pè.

Mo padà sí Igana pẹ̀lú ọmọ tó yè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi nídìí kànga, àwọn tí a jọ wà nínú ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n kí mi kú ewu ọmọ. Ìyá Élie, ẹni tí ọmọ tirẹ̀ kú tẹ̀ lé tèmi, bi mí bóyá òótọ́ ni pé àgàn yẹn fọwọ́ kan Ràúdátù.

Mo ní òótọ́ ni, òun ló gbà á là. Mo sì sọ ìyókù. Mo sọ ti ẹ̀kùrọ́ méjì, mo sọ ti kókó ìró. Mo ní irọ́ ni a pa mọ́ obìnrin yẹn, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ èmi nìkan, nítorí ọmọ mẹ́tàlá ni ẹ̀kùrọ́ wọn kò sí nínú igbá.

Mo wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Gbogbo wọn ló mọ̀. Kálukú ló ti ń gbé ẹ̀kùrọ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ìyá Àsíátù," Ìyá Élie ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ta ló bi ọ́?"

Wọ́n gbé ìkòkò ru ara wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ìdí kànga, àwọn tó wà níbẹ̀ á rántí pé àwọn ní iṣẹ́ nílé. Ìkòkò omi tó bá kún, ẹnìkan kò lè dá gbé e ru ara rẹ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bá a gbé e. Ààbọ̀ ìkòkò ni mo ń pọn.